Bí A Ṣe Ń Fi Ìlú Ọba Han Òbí Tó Wá Kí Wa

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi wá kí mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi mẹ́rin ni mo mú wọn lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A rí ààfin ọba, a rí aago ńlá tó wà lẹ́bàá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a sì gun àtẹ̀gùn tí n kò lè ka iye rẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà kò fẹ́ bọ́. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí mo bu iyọ̀ sí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, ṣé wọ́n ń lé wa ni?” Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn kò fi jáde. Nígbà tí mo bi wọ́n pé èwo ni wọ́n rántí jù nínú gbogbo ohun tí a rí, wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó dìde kí àwọn lè jókòó nínú ọkọ̀ ni.

Láti ìgbà náà, ìyá mi ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, bàbá ọkọ mi náà sì ti wá lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí àwọn ìbẹ̀wò wọ̀nyí kọ́ mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Ìlú Ọba tó sì ń retí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n láti ilé. Orí ohun kan ṣoṣo ni mo gbé gbogbo ètò náà kà: kí òbí wa tó padà sílé, kí wọ́n ti lè jáde láti ilé wa fúnra wọn, kí wọ́n lọ síbi tó wù wọ́n, kí wọ́n sì padà wá láìsí pé a di ọwọ́ wọn mú. Àgbàlagbà tó ń pàṣẹ fún odindi agboolé nílé, tí kò wá lè dé ìkóríta láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ń jìyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ ọ́ lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan àsìkò, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nípa ara wọn

Físà àbẹ̀wò ń fún àlejò ní àyè oṣù mẹ́fà, bí físà náà bá sì jẹ́ ti ọdún 2, ọdún 5 tàbí ọdún 10 pàápàá, oṣù mẹ́fà yìí kan náà ni ó pọ̀ jù tí wọ́n lè lò ní ìwọlé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lè yan oṣù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Ní ìparí oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá kí oòrùn tó wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àárín oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn yìí ń ba àgbàlagbà lọ́kàn jẹ́ ju òtútù lọ, nítorí pé a lè fi súwẹ́tà àti kóòtù lé òtútù, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí a lè wọ̀ sí òkùnkùn. Ohun rere mìíràn tún wà nínú àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn: láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, iye kan náà ni aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà ń lù, èyí kò sì ní jẹ́ kí wọ́n máa ṣírò wákàtí kí wọ́n tó pe ilé.

Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ tètè sọ fún wọn pé ní oṣù kẹfà, ìrun Mọ̀gàríbì ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́, àsìkò Àsùbáà sì ń wọlé ní òru nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń sùn. Bàbá ọkọ mi kò rí oorun sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí èyí, títí a fi gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ara wọn kí ẹ tó dárúkọ ibì kankan tí ẹ fẹ́ mú wọn lọ. Báwo ni eékún? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń tọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀? Oògùn wo ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà? Oògùn yìí ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Nílé, a lè yà wọ kẹ́míìsì kí a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí ẹni ra bọ́tà. Níhìn-ín, wọn kò ní tà á fún wọn láìsí ìwé dókítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé èyí tó máa tó wọn lò títí wọn yóò fi padà, kí ó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n máa jù sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò fún wọn. Ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe fún àlejò ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná wọn ni wọn yóò kọ fún un láti san. Owó yẹn lè gba ọmọ lówó ilé tó ń kó owó jọ láti rà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó nílò ọgbọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń pèsè àga oníkẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí a ti ń gba ẹrù, wọn kì í sì í gba owó lé e bí a bá ti sọ fún wọn nígbà tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òbí tí ara rẹ̀ le yóò ní, “Ta ló yarọ?” Mo sọ fún ìyá mi pé ẹni tó ń ti àga náà mọ gbogbo ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, yóò sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò, kò ní sí pé wọ́n ń wá ọ̀nà láàárín èrò. Wọ́n gbà nítorí afinimọ̀nà, wọn kò gbà nítorí ẹsẹ̀. Ọ̀nà gbígbà wọ̀nyẹn kò dùn mí. Kí wọ́n ṣáà ti jókòó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹrù, ìwé pélébé kan, àti ọjọ́ mẹ́ta tí a kì í lọ sí ibì kankan

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa ẹran. Òfin Ìlú Ọba kò gba àlejò láyè láti gbé ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti Nàìjíríà. Súyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàràkàṣì wà lábẹ́ èèwọ̀ yìí, bí ó ti wù kí a dì wọ́n tó. Ẹja gbígbẹ kò sí nínú rẹ̀. Màmá tó ti jí ní òwúrọ̀ kùtù láti din ẹran fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n wá dà á nù níṣojú rẹ̀, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà bọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹ tún un sọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù.

Ẹ kọ ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí wọn tí wọn yóò mú dání: orúkọ yín, nọ́ńbà ilé àti òpópónà, kóòdù àdúgbò, nọ́ńbà fóònù méjì, àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Fóònù lè kú, íntánẹ́ẹ̀tì lè má ṣiṣẹ́. Ìwé kì í kú. Ìwé yìí ni wọn yóò wò bí òṣìṣẹ́ bá bi wọ́n léèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ, òun náà ni yóò sì wà nínú àpamọ́wọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá lò lọ́dọ̀ yín.

Bí wọ́n bá ti dé, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti oorun, ti ọbẹ̀ gbígbóná àti ti ìròyìn ilé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi tí ẹ gbà níbi iṣẹ́ kò pọ̀, ọwọ́ sì ń yún yín láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́ wọn ní ohun inú ilé ní ọjọ́ mẹ́ta yìí: bí a ṣe ń tan sítóòfù, bí a ṣe ń pa á, ibi tí omi gbígbóná ti ń jáde kí ó má baà bó wọn lọ́wọ́, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí. Kọ́kọ́rọ́ ilé tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ìyá mi so tiwọn mọ́ òkùn pupa kan, wọ́n fi kọ́ ọrùn sábẹ́ bùbá, ẹ̀yin ni kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀nà díẹ̀díẹ̀

Ọjọ́ kẹrin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ bá wọn rìn dé ibùdókọ̀, kí ẹ padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ṣíwájú. Ẹ fi ohun tí ojú ń rí ṣe àmì, nítorí pé orúkọ òpópónà kò ní dúró lọ́kàn wọn: ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé, igi ńlá tó tẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta búrẹ́dì.

Lẹ́nu ìrìn kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ ìkíni yóò ti jẹyọ. Ìyá mi kí obìnrin kan tó ń fa ajá, kò dáhùn. Wọ́n kí ọkùnrin kan tó ki nǹkan bọ etí, kò wò wọ́n. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n bi mí pé, “Kí ni mo ṣe fún wọn?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, kí ó tó di pé ó mọ́ mi lára. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí ó tó ṣẹlẹ̀ pé ní ìlú ńlá yìí, ẹni tí kò mọni kì í sábà kíni lójú pópó, àti pé kì í ṣe àrífín. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyá mi kò dákẹ́, nígbà tí ó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá àgbà kan tó ń gbé ní ìkángun òpópónà wa ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọdún kẹsàn-án mi ní òpópónà yẹn nìyẹn, n kò sì mọ orúkọ obìnrin náà rí.

Nípa ọkọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014, káàdì ilé ìfowópamọ́ wa láti Nàìjíríà sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tàbí kí ó fi owó pàṣípààrọ̀ lé e, nítorí náà ẹ ra káàdì Oyster fún wọn, kí ẹ sì fi owó sí i. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí a ń wọlé nìkan ni a ń fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ní ọkọ̀ ojú irin, a ń fi kàn án nígbà tí a ń wọlé àti nígbà tí a ń jáde, ẹni tó bá sì gbàgbé ti ìjáde yóò san ju bó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì kan, gbogbo bọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n bá wọ̀ láàárín wákàtí kan sí ìgbà náà kò ní gba owó kún un. Káàdì ọ̀fẹ́ tí wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn arúgbó ìlú yìí jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan, kò kan àlejò.

Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, a máa rí ìlú láti ojú fèrèsé, ohùn kan sì ń pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó dé ibẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin, èyí tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, ni ó rọrùn jù fún ẹni tí eékún ń dùn, nítorí pé ní gbogbo ibùdó rẹ̀, a lè dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí láìgun àtẹ̀gùn. Àwọn ibùdó abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo àwòrán ọ̀nà wọn kí ẹ tó jáde. Àmì àga oníkẹ̀kẹ́ wà lára ibùdó tí kò ní àtẹ̀gùn.

Ẹ fara balẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bí òbí yín kò bá tíì gùn ún rí, ẹ lọ kọ́ ọ ní ìgbà tí èrò kò sí, ní bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá ìró wọn sókè díẹ̀ kí etí rẹ̀ má baà há sáàárín irin, kí wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sí àárín àtẹ̀gùn kan, kí wọ́n sì dúró sí apá ọ̀tún, nítorí pé apá òsì ni àwọn tó ń kánjú ń gbà. Ẹ̀yin, ẹ dúró sẹ́yìn wọn bí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ sì wà níwájú wọn bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àwọn ìjáde ńlá

Òfin tí mo ṣe fún ara mi kò gùn: ibì kan ní ọjọ́ kan, kí ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ti ìsinmi. A kì í jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. A ń gbé oúnjẹ dání, ìrẹsì nínú fúláàsì àti omi, nítorí pé ìyá mi kì í jẹ búrẹ́dì tútù tí wọ́n ki nǹkan sí láàárín, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa fi ipá mú wọn. Kí a tó jáde, mo ti mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ààfin ọba, afárá Westminster àti aago ńlá kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, láti ìta sì ni wọ́n ti dùn wò. Ẹ ya fọ́tò tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí ni àwọn ibi tí ìtàn tiwa ti kan ìlú yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni òbí yín ti máa di ẹni tó ń ṣàlàyé, tí ẹ̀yin á sì máa gbọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Greenwich. Níta National Maritime Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi tí a ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú ìgò ràgàjì, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ kìkì àǹkárá. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ló ṣe é. Gbàgede Trafalgar ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní ọdún 2010 kí ó tó dé Greenwich ní ọdún 2012. Ìyá mi, tí wọ́n ti ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, dúró tì í, wọ́n ń ka irú àǹkárá tó wà lára ìgbòkun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n ti tà rí. Òkè tó lọ sí ilé ìwòràwọ̀, níbi tí ìlà tí gbogbo ayé fi ń ka wákàtí gbà kọjá, ga gan-an, owó ni a sì fi ń wọlé níbẹ̀. Bí eékún kò bá le, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti British Museum. Ọ̀fẹ́ ni àbáwọlé, ibùdó Tottenham Court Road lórí Elizabeth line kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ wo ìkànnì wọn ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń lọ wò wà níta, kí ẹ sì lọ tààrà sí yàrá àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, láìkọ́kọ́ rẹ ara yín níbi ti àwọn ará Íjíbítì. Orí idẹ kan wà níbẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n hú u jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́, ó sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ní ọdún 1939. Ilà wínníwínní sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀ dé àgbọ̀n, adé orí rẹ̀ sì ní ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá mi sún mọ́ gíláàsì náà títí èémí wọn fi bò ó. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú àtijọ́ o.”

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e, nítorí pé gbogbo òbí ló ń bèèrè rẹ̀: báwo ni ó ṣe dé ibí? Ẹ má fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, pé àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní tó wà nínú ilé kan náà jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó nígbà tí wọ́n gbógun ti Bìní ní ọdún 1897, àti pé ní ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman tó wà ní Forest Hill, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹ̀tọ́ ohun-ìní lórí ohun Bìní 72 lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Bàbá ọkọ mi gbọ́ èyí, wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ fún ìgbà pípẹ́, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìrìnàjò náà. Ẹ má kó o mọ́ ìsinmi kí ẹ máa ní kí wọ́n dìde.

Bí òbí yín bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tó ń ka Bíbélì Yorùbá, Canterbury ni kí ẹ má jẹ́ kí ó yẹ̀. Láti ibùdó St Pancras, ọkọ̀ ojú irin tó yára ń dé Canterbury West ní bíi wákàtí kan. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wọṣẹ́ tán, nítorí pé owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó sì wá di ọ̀gá àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, rìn lórí òkúta ilẹ̀ yẹn. Owó ni àlejò fi ń wọ ibẹ̀ láti wòran, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san nǹkan kan. Nítorí náà ẹ lè fi ọjọ́ náà sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, tí àwọn akọrin ń kọ. Ẹ wo aago rẹ̀ lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó lọ.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú Bíbélì wọn dání. Ti ìyá mi ti ya lẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ dì í. Nígbà tí ìsìn parí tí àwọn èèyàn ti ń túká, wọ́n ṣí i sí Sáàmù kẹtàlélógún, wọ́n sì kà á ní ohùn jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùṣọ́ kan wá láti ní kí a máa lọ. Ó dúró, ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn títí wọ́n fi parí. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ tí mo ń kà láràárọ̀, ọwọ́ ẹni tó dúró níbí ni ó ti jáde.” Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí a fi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Fún ẹni tó bá ṣì ní agbára, Brighton wà létí òkun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas níbẹ̀ ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1850, tí a sì mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, ti fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní oṣù kẹjọ ọdún 1862. Àwọn ọmọbìnrin yín pàápàá yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjà, àti ìṣirò náírà

Ẹ mú wọn lọ sí Rye Lane ní Peckham. Iṣu, èlùbọ́, ẹ̀fọ́, panla, ìgbín, ata rodo, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, Yorùbá sì ni a fi ń ná an. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó ti máa ń dé. Ìyá mi gbé iṣu kan, wọ́n bèèrè iye rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di náírà lórí ìka, wọ́n rọra gbé e padà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́, wọ́n ní àwọn ti yó.

Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń pa irọ́ iye owó fún òbí. N kò gbà pé ó dára, nítorí pé wọn yóò mọ̀, ojú yóò sì máa ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo kó owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lé wọn lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní bébà, mo ní tiwọn ni, kí wọ́n ná an bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà bí ìyálọ́jà. Wọ́n ra bàtà fún ọmọ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi èyí tó ṣẹ́kù fún mi, wọ́n ní kí n fi bu epo sí ọkọ̀, mo sì gbà á pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, torí pé bí a ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn.

Ẹ fi ibi iṣẹ́ yín hàn wọ́n pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ láti ìta. Wọ́n ti ń gbàdúrà fún ibi iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ láìmọ bí ó ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí wọ́n dá lọ

Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo èyí tó ṣáájú ń sìn lọ. Ẹ yan bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ó sì jẹ́ èyí tí ibi tí wọ́n ń lọ jẹ́ òpin ìrìn rẹ̀, kí wọ́n má baà kọjá ibẹ̀. Àwa ń gbé ní Thamesmead, bọ́ọ̀sì 177 sì ń gbéra níbẹ̀, ó ń gba Woolwich, Greenwich àti New Cross kọjá, ó sì ń parí ìrìn rẹ̀ ní Peckham. Ó ń gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi kò ní ibi tí wọ́n ń sáré lọ.

Ní ìgbà kìn-ín-ní, mo jókòó tì wọ́n. Ní ìgbà kejì, mo jókòó lẹ́yìn wọn, n kò sì fọhùn, àfi bí wọ́n bá yíjú wò mí. Ní ìgbà kẹta, àwọn ni wọ́n mú mi lọ, tí wọ́n sì mú mi bọ̀. A kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé pélébé àkọ́kọ́ yẹn. Mo ra nọ́ńbà fóònù ti ìlú yìí fún wọn, a sì ṣe àdéhùn pé wọn yóò pè mí ní ẹ̀ẹ̀mejì péré: bí wọ́n bá dé, àti bí wọ́n bá fẹ́ máa bọ̀. Mo fi nọ́ńbà 999 hàn wọ́n fún pàjáwìrì, mo sì sọ fún wọn pé bí ọ̀nà bá ṣì wọ́n, kí wọ́n má kúrò lójú kan, kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ jù, kí wọ́n fi ìwé wọn han ẹni tó ń tajà.

Ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, n kò lè ṣiṣẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fóònù tó dún. “Mo ti dé. Má dá mi dúró, mo ń ná ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.” Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ewédú ti wà lórí iná, wọ́n sì ń ròyìn fún ọmọ mi nípa obìnrin ará Òṣogbo kan tí wọ́n jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi padà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ọjọ́ ọjà wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn

Ẹ má dúró di ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹrù. Òbí kò lè padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń retí nǹkan sílẹ̀, kí ẹ sì yan ohun tí kò wúwo. Ẹ wo iye kílò tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn gbà, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń gbé àpótí kọ́, kí ẹ wọn ọ́n nílé, nítorí pé kò sí ìtìjú tó dà bíi kí àgbàlagbà máa tú aṣọ abẹ́ lójú èrò ní pápákọ̀ òfurufú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ fọ́tò jáde sórí bébà. Fọ́tò inú fóònù kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsáláátù, fóònù náà sì lè bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá délé. Ẹ yan bí ogún, ẹ fún wọn ní bírò, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi kọ tiwọn ní alẹ́ ọjọ́ méjì, pẹ̀lú awò ojú lójú, wọn kò jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn fọ́tò ti Canterbury, wọ́n kọ ọ́ pé: “Ibi tí wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Mo kàwé níbẹ̀.” Lẹ́yìn èyí tí mo yà wọ́n ní ibùdókọ̀, pẹ̀lú òkùn pupa kọ́kọ́rọ́ tó yọ díẹ̀ lọ́rùn bùbá, wọ́n kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà nìkan: 177.